Adúmáadán: Ìmọ́lẹ̀ àti Òjìji nínú Fọ́tò Dúdú òun Funfun

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu lè purọ́, ahọ́n sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun kíkorò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ bí inú ti rí. Bóyá nítorí èyí ni ọmọ aráyé fi ń wá ọ̀nà, láti ìgbà láéláé, tí ojú ènìyàn kò fi ní parun pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi ni àwọn àgbà fi ń ṣe é, wọ́n sì ń pa á lówe pé ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ tí a bá kú ni à ń di ère. Nígbà tí fọ́tò dé, òwe náà yí padà díẹ̀, nítorí pé ènìyàn lè wà láàyè kí ó sì di ère. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ní 1975, rí i pé ní àwọn ibì kan fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó ti ara wọn. Ohun tí ìyá ń tọrọ lọ́wọ́ onífọ́tò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ojú ọmọ rẹ̀ ni. Bí ojú náà bá wá jáde nínú fọ́tò bí èédú tí kò ní imú, tí kò ní ìpéǹpéjú, òfò náà di méjì.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a bi ara wa léèrè bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn dúdú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ti dáhùn ìbéèrè náà kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá dúdú tí ó sì lẹ́wà ni à ń pè ní adúmáadán. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ẹni náà dúdú, síbẹ̀ ó dán, bí ẹni pé dídán ń bẹ̀bẹ̀ nítorí dúdú. Ohun tí ó sọ ni pé ó dú, ó sì ń dán. Dídú rẹ̀ gan-an ni dídán rẹ̀ fi ń hàn. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ fọ́tò. Kì í ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti sọ dúdú di funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí dúdú dán.

Fọ́tò dúdú òun funfun kò mọ osùn yàtọ̀ sí aró. Gbogbo ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ni ó ń túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tàbí àìsí ìmọ́lẹ̀. Ohun tí a fi kun fíìmù ní iyọ̀ fàdákà nínú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á púpọ̀ a di dúdú nígbà tí a bá fi omi oògùn fọ̀ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé a mọ́ gaara bíi gíláàsì. Èyí ni nẹ́gẹ́tíìfù, nínú èyí tí eyín ènìyàn dúdú tí irun orí rẹ̀ sì funfun bí òwú. Nígbà tí a bá tún tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá sórí bébà, ohun gbogbo a padà sí ipò tirẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ṣùgbọ́n láàárín dúdú kirikiri àti funfun báláú, oríṣìíríṣìí àwọ̀ eérú ni ó wà, èyí tí ó dú díẹ̀ àti èyí tí ó mọ́ díẹ̀, bí àtẹ̀gùn tí a ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé dé ilẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn náà ni ojú ènìyàn wà. Onífọ́tò tí ó bá fo ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ ti sọ ojú ẹni náà nù.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tí òun rí pọ̀, yóò dà bí àwọ̀ eérú tí kò dú jù tí kò sì funfun jù. Bí a bá to ogójì ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n wọ aṣọ funfun síwájú ògiri tí a fi ẹfun kùn, ní agogo méjìlá ọ̀sán, ohun ìwọ̀n náà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Aṣọ yóò hàn, ògiri yóò hàn, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ yóò dà bí ihò tí a dá sí ara aṣọ. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, kò sì mọ akẹ́kọ̀ọ́. Mélòó ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí ó wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé káàkiri Nàìjíríà, tí orúkọ ilé-ìwé hàn kedere lára pátákó, tí ojú ọmọ kan ṣoṣo kò sì hàn!

Ní ayé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ìṣòro náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù ìgbà náà a máa rí àwọ̀ ojú ọ̀run dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí pupa rárá. Pupa tí ó fara sin sínú awọ dúdú, èyí tí ń mú kí ara dà bí ohun tí ó gbóná lójú ẹni tí ń wò ó, dúdú ni fíìmù ń kà á sí. Nígbà tí fíìmù tí ó lè rí gbogbo àwọ̀ gbilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù kò lè wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá. Ènìyàn ni yóò ṣe ìyẹn.

Àgbẹ̀ kò nílò kámẹ́rà kí ó tó mọ ohun tí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Bí ó bá dé oko rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láti ẹ̀gbẹ́, yóò rí ebè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì wà nínú òjìji, àní òkúta wẹ́wẹ́ pàápàá ní òjìji tirẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, tí oòrùn dé àtàrí, oko kan náà a tẹ́ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀. Ebè kò kúrò níbẹ̀. Òjìji ni ó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ènìyàn rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti iwájú gan-an wá, bí èyí tí fíláàṣì orí kámẹ́rà ń jù, a pa òjìji rẹ́, a sì sọ ojú di àwo pẹrẹsẹ. Èyí tí ó bá ti òkè wá ní ọ̀sán a da òkùnkùn sínú kòtò ojú, a sì sọ ọ̀dọ́ di arúgbó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá yọ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹnu ọ̀nà tàbí láti ojú fèrèsé, a máa rìn lórí awọ bí ìka ọwọ́. Òun ni yóò fi hàn pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé jọ̀lọ̀, pé iwájú orí àgbà ti hunjọ, pé ilà ojú jìn, pé aṣọ òfì le, pé àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ti yi. Nípa rẹ̀ ni ojú fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ń wo fọ́tò a mọ bí nǹkan náà yóò ti rí bí òun bá fọwọ́ kàn án.

Awọ dúdú tún ní ìwà tirẹ̀. Awọ funfun ń tú ìmọ́lẹ̀ ká bíi bébà. Awọ dúdú ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dá padà a máa kọ yànràn bí ojú omi. Nítorí náà, onífọ́tò tí ó gbọ́n kì í kàn da ìmọ́lẹ̀ lu ẹni dúdú bí ẹni ń da omi lu aṣọ. A wá ohun funfun tí ó tóbi, ìbáà ṣe aṣọ títa tàbí ògiri tí oòrùn ń pa, a sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni náà kọ ọ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè hàn lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí igi imú, létí ètè. Ibẹ̀ ni dídán wà. Ìyá tí ó fi òrí tàbí àdín pa ọmọ rẹ̀ lára kí wọ́n tó lọ ya fọ́tò ti ran onífọ́tò lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ti ń fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, kí ó wo àwọn fọ́tò Seydou Keïta, ọmọ Bamako ní orílẹ̀-èdè Mali. Ní nǹkan bí ọdún 1921 ni a bí i. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́kọ́ kọ́ nínú ẹbí rẹ̀. Ní 1935, àgbà kan nínú ẹbí náà ti ìrìn-àjò Senegal dé pẹ̀lú kámẹ́rà Kodak kékeré kan, ó sì fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mountaga Dembélé, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé tí ó sì tún jẹ́ onífọ́tò, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn án. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rántí èyí: ohun tí ẹni kan nínú iṣẹ́ wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ìwé kíkà ni ó di ìmọ̀ ní ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a wá mọ̀ kárí ayé. Ní 1948, Keïta ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní àdúgbò Bamako-Koura, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò, ìyàwó àti ọmọ, ẹni tí ó ra aago tuntun àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé, gbogbo wọn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni Keïta fẹ́ràn jù. Nínú àgbàlá ni ó ti ń ta aṣọ sẹ́yìn oníbàárà. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ó lò fún èyí jẹ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì òun tìkára rẹ̀, tí òwú rọ̀ létí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nípa rẹ̀ ni a fi lè mọ ìgbà tí a ya púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò rẹ̀. Fíìmù tí ó ń lò jùlọ jẹ́ ti sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, bébà ni ó sì ń tẹ̀ mọ́ ọn lára ṣánṣán láìsọ àwòrán di ńlá. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà: ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, laali ọwọ́, gbogbo wọn ni ó dé orí bébà. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya ènìyàn. Ẹni tí ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè máa dán an wò. Ó ní láti kọ́kọ́ wo ìmọ́lẹ̀, kí ó yí orí oníbàárà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó tún ọwọ́ rẹ̀ gbé, kí ó tó tẹ kámẹ́rà.

Ẹ wo àwọn obìnrin inú fọ́tò rẹ̀. Aṣọ tí ó wà lẹ́yìn wọn ní ọ̀nà, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní ọ̀nà, aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ wọn nígbà mìíràn tún ní ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò sọ pé ojú yóò sọnù nínú rúdurùdu náà. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Láàárín gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ojú àti ọwọ́ nìkan ni kò ní ọ̀nà. Wọ́n dú, wọ́n sì ń dán, ibẹ̀ ni ojú ẹni tí ń wò ó sì ti ń rí ìsinmi. Ẹ tún wo ọkùnrin kan tí ó yà ní òpin àwọn ọdún 1950, ẹni tí ó wọ kóòtù funfun, tí ó fi awò sójú, tí ó sì di òdòdó kan ṣoṣo mú. Nǹkan funfun tó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú dúdú ni ó ń da kámẹ́rà láàmú jù. Kóòtù náà kò pa ojú rẹ̀ rẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ba kóòtù jẹ́. Olúkúlùkù wà ní ipò tirẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Bákan náà ni ọgbọ́n yìí rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ìlú Benin, Solomon Osagie Alonge, tí a bí ní 1911, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ní Èkó, di onífọ́tò ààfin Ọba Benin. Ní 1942 ni ó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀. Nínú fọ́tò dúdú òun funfun, pupa iyùn ọba kò lè hàn bíi pupa. Ohun tí ó kù fún iyùn láti fi sọ ẹni tí òun jẹ́ ni bí ara rẹ̀ ti rí: yíyípo rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, àti ẹ̀ka ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó jókòó sórí hóró kọ̀ọ̀kan. Onífọ́tò tí kò bá rí èyí yóò ya ọba bí ẹni tí ó wọ aṣọ dúdú lásán.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Edo, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, kò sì dáwọ́ dúró títí àwòrán náà fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, pẹ̀lú aṣọ tí kò ní ọ̀nà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Irun tí a fi òwú kó, irun tí a dì, onílé gogoro tí ó nà sókè bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, dúdú ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ mú kí a lè ka ìlà orí kọ̀ọ̀kan, kí a sì mọ ibi tí òwú ti ń kọ yànràn àti ibi tí irun ti rọ̀. Irun tí a óò tú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó sọ di ohun tí kò ní tú mọ́. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ àìmọ̀kan yà á, òkìtì èédú ni ì bá jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni ó fẹ́ràn dúdú. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ mèremère gbilẹ̀, Kodak a máa fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò, tí wọ́n ń pè ní Shirley, láti inú orúkọ obìnrin òyìnbó tí ó kọ́kọ́ wà lára rẹ̀. Bí awọ obìnrin náà bá ti jáde dáadáa, a gbà pé gbogbo ènìyàn ti jáde dáadáa nìyẹn. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe káàdì tí obìnrin aláwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ẹ̀bi náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Oníbàárà wa pàápàá a máa wí fún onífọ́tò pé kí ó jọ̀wọ́ mú òun pupa díẹ̀, onífọ́tò a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ títí ilà ojú yóò fi parẹ́ tí imú yóò sì yọ́. Fóònù òde òní ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọmọ tí ó bá ń rí ara rẹ̀ nínú àwòrán méjì péré, ọ̀kan tí ó dà bí èédú àti ọ̀kan tí a ti wẹ̀ di ẹlòmíràn, yóò gbà pé kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta wà. Seydou Keïta, Alonge àti Ojeikere ti yà á.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú ìtàn Keïta tí ó kan olùkọ́. Lẹ́yìn òmìnira Mali, ìjọba pè é síṣẹ́, ó sì ti ilé fọ́tò tirẹ̀ pa. Ní 1991, a pàtẹ díẹ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ ní New York, ohun tí a sì kọ síbẹ̀ ni pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Ó wà láàyè nígbà náà ní Bamako, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí pé ó pa wọ́n mọ́ ni a fi rí i. Ní 1994 ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní 2001. Onífọ́tò mélòó ni ó ti kú ní Kánò, ní Oníṣà, ní Ìlọrin, tí a sì kó àpótí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ dà sí ààtàn nítorí pé a kò mọ ohun tí ó jẹ́?

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Ní ọjọ́ fọ́tò ìparí ọdún, kí ó kó àwọn ọmọ kúrò níwájú ògiri funfun, kí ó sì mú wọn lọ sábẹ́ òrùlé tàbí sábẹ́ ibòji igi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni a fi ń yà á, kí ó fi ìka kan ojú ọmọ kan lára gíláàsì rẹ̀, kí fóònù lè wọn ìmọ́lẹ̀ ojú dípò ti aṣọ. Bí a bá ní aṣọ funfun, kí ọmọ méjì nà án sí ẹ̀gbẹ́, kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú àwọn yòókù. Kí ó wá àwọn fọ́tò àtijọ́ inú àpótí ilé-ìwé jáde, kí ó gbé wọn kúrò níbi ọ̀rinrin àti ooru, kí ó sì pe àwọn àgbà tí wọ́n kàwé níbẹ̀ kí wọ́n wá sọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Lẹ́yìn náà kí ó mú pẹ́ńsù, kì í ṣe tádàwà tí ó lè ràn wọ inú bébà, kí ó rọra kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ọdún tí a yà á àti orúkọ ẹni tí ó yà á.